ÌTÀN ILÉ ÀTI ILẸ̀ NÍ ÌLÚ ÈKÓ, ÀTI BÍ A TI TÚN ÀWỌN ÀDÚGBÒ RẸ̀ ṢE

Nígbà tí ìjọ kan bá ń ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀, àṣà ni pé kí a kọ ìtàn àwọn àlùfáà tí ó ti sìn níbẹ̀, ti ilé ìsìn àti agogo rẹ̀, àti ti ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn ẹlòmíràn ti ṣe iṣẹ́ náà nínú ìwé yìí, wọ́n sì ti ṣe é dáradára. Ohun tí àwa fẹ́ kọ nípa rẹ̀ ni àwọn ilé tí àwọn ọmọ ìjọ ń gbé: bí àwọn bàbá wa ti ṣe ní wọn, bí àwọn àdúgbò kan ti ṣe bàjẹ́, bí ìjọba ti ṣe gbìyànjú láti tún wọn ṣe, àti ẹni tí ó ni ilé lẹ́yìn tí àtúnṣe parí. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ lójú wa. Púpọ̀ nínú àwọn ará wa ń gbèrò lọ́wọ́lọ́wọ́ láti ta ilé bàbá wọn. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń wá ilé tí wọn yóò rà. Ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe ìpinnu tí ó tọ́ bí kò bá mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ní ìlú yìí.

Ní ayé àtijọ́, ọwọ́ àwọn Ìdẹ́jọ, èyí ni àwọn ìjòyè onífìlà funfun, ni ilẹ̀ Èkó wà. Àlejò tí ó bá fẹ́ kọ́lé a tọ olóyè lọ pẹ̀lú ẹ̀bùn díẹ̀, a sì fi ibi tí yóò gbé hàn án. Kò rà á. A fún un ní àyè láti gbé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Sàró ti Freetown dé, tí àwọn Àgùdà sì ti Brazil àti Cuba dé, ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ti gbé ní ilẹ̀ tí ìwé ti jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá ka orí 32 nínú ìwé wòlíì Jeremáyà yóò rántí bí ó ti ra pápá kan ní Anatoti, tí ó wọn fàdákà fún ẹni tí ó tà á, tí ó pe àwọn ẹlẹ́rìí, tí ó sì fi ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Àwọn bàbá wa tí ó ti Sàró dé mọ ìtàn náà dáradára, wọ́n sì mọ ìlò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọdún 1863, ìjọba yan àwọn tí yóò wádìí ẹ̀tọ́ olúkúlùkù lórí ilẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ ní orúkọ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni irú ilé méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní òpópónà kan náà. Èkínní ni ilé oníwèé, tí orúkọ ẹnì kan wà lórí rẹ̀. Èkejì ni ilé ẹbí, tí kò ní ìwé, ṣùgbọ́n tí gbogbo ọmọ ilé mọ̀ pé ti àwọn ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilé kan náà ń jẹ́ méjèèjì pọ̀: bàbá gba ìwé ní orúkọ ara rẹ̀, ó kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé náà sì di ti gbogbo ọmọ.

Níhìn-ín ni a kò lè ṣàì dárúkọ ohun tí ìgbéyàwó inú ìjọ ṣe sí ọ̀ràn ilé. Lẹ́yìn òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1884, ọkùnrin tí ó bá gbé ìyàwó ní ìlànà Kristẹni lè kú, kí òfin Gẹ̀ẹ́sì sì pín ogún rẹ̀ dípò àṣà ìbílẹ̀. Ní ọdún 1898, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Cole, arákùnrin olóògbé wá gba ogún gẹ́gẹ́ bí àṣà, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ sọ pé ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó Kristẹni ni ogún tọ́ sí. Ọ̀pọ̀ àgbà ni inú wọn kò dùn sí i. Ní ọdún 1908 ẹ̀wẹ̀, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé, ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó fi ìdí àṣà ilé ẹbí múlẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn pé obìnrin pẹ̀lú lè jẹ́ olórí ẹbí bí òun bá ni àgbà nínú àwọn ọmọ tí ó kù. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ méjì nípa ilé ṣe ń gbé pọ̀ nínú ìlú kan, àní nínú ìjọ kan.

Àtúnṣe àdúgbò àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a rántí kì í ṣe ti ibi tí ó bàjẹ́, bí kò ṣe ti àwọn ènìyàn tí ilé wọn bàjẹ́ mọ́ wọn lórí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. A kó ẹrù ilé ìsìn àti ti ilé àwọn míṣọ́nnárì, a lé àwọn Òyìnbó jáde, ọ̀pọ̀lọpọ̀ Ẹ̀gbá Kristẹni sì bá wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó. John Hawley Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ni ó ń ṣe àkóso ìlú nígbà náà. Ó fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ó la òpópónà gbọọrọ gbọọrọ, ó sì pín ilẹ̀ fún olúkúlùkù láti kọ́ ilé ara rẹ̀. Láti inú àwọn aṣíkiri wọ̀nyí ni ìjọ St. Jude ti hù. Ẹni tí ó bá rìn ní Èbúté Mẹ́ta lónìí yóò rí i pé àwọn òpópónà náà ṣì tọ́ bí ìlà tí a fi rúlà fà. Òtítọ́ ni pé ẹ̀tọ́ tí Gólóbà fi fún wọn kò yé ara rẹ̀ tó lórí ìwé, nítorí pé ní ọdún 1947, ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ìjọba tún ní láti ṣe òfin pàtàkì lórí ilẹ̀ tí ó pín. Síbẹ̀ àwọn aṣíkiri náà kò ṣe ayálégbé ní ibi tí a gbé wọn sí. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń bẹ níbẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896, tí afárá Carter sì so erékùṣù pọ̀ mọ́ Iddo ní ọdún 1901, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ wá sí Èkó láti ibi gbogbo. Ní ìkànìyàn ọdún 1911, nǹkan bí 73,000 ènìyàn ni ó wà ní ìlú. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1931, wọ́n ti lé ní 126,000. Erékùṣù kò sì fẹ̀ sí i. Àwọn Òyìnbó tí ó kọ̀wé nípa Èkó ní àkókò náà sábà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀lẹ àti èérí ni ó sọ Ìsàlẹ̀ Èkó di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá kọ́ ilé tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó kú, ó fi ọmọ mẹ́jọ sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan gbé ìyàwó, ó sì kọ́ yàrá kan sínú àgbàlá. Ìyá kan tí ó ti ilé ọkọ padà kọ́ òmíràn. Ìbátan láti oko dé, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé àyè kò sí. Lẹ́yìn náà a fi yàrá méjì háyà kí ilé lè rí owó tí a fi ń san owó orí àti ti omi. Nígbà tí páànù jò, ta ni yóò tún un ṣe? Ti gbogbo ènìyàn ni ilé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan láti tún ṣe. Oore tí ilé ẹbí ń ṣe, tí kì í lé ẹnikẹ́ni jáde, òun náà ni ó mú ògiri rẹ̀ wó.

Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀-àrùn tí ń ti ara eku wá wọ Èkó, ó sì ń jà lọ, ó ń padà wá, fún ọdún púpọ̀. Ilé tí a kọ́ mọ́ ara wọn, tí oòrùn kò lè wọ̀, ni eku fẹ́ràn. Nítorí àrùn yìí ni ìjọba ṣe dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní ọdún 1928, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí L.E.D.B. A fún un ní agbára láti fi ipá ra ilẹ̀ àti ilé, láti wó wọn, láti la títì, àti láti pín ilẹ̀ ní ọ̀tun. Oko Awó, nítòsí Ìdúmàgbó, wà lára ibi tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ó sì la àdúgbò tuntun sílẹ̀ ní Yábàá lórí ilẹ̀ ńlá láti fi gba àwọn tí yóò kó jáde. Yábàá dára: títì rẹ̀ gbòòrò, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá gbé ibẹ̀ níkẹyìn jẹ́ akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ó ní owó oṣù tí wọ́n lè fi kọ́lé. Tálákà Oko Awó púpọ̀ kàn ṣí lọ sí òpópónà kejì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì mú ibẹ̀ há sí i ni.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹjọ́ kan tí gbogbo ọmọ Èkó yẹ kí ó mọ̀. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, sì bèèrè owó gbà-má-bínú ní orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ níhìn-ín kò gbà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé ní kíkún. Ní ọdún 1920 Olúwa wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ilẹ̀, sì bá a lọ. Ní ọdún 1921 Ìgbìmọ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ pé bí Dòsùnmú tilẹ̀ fi Èkó lé wọn lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ ìdílé lórí ilẹ̀ kò parẹ́, àti pé a gbọ́dọ̀ san owó fún un bí ohun tí ó jẹ́ ti àwùjọ pátápátá. Ìlú yọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ohun tí wọ́n gbà ni owó. Ilẹ̀ Àpápá kò padà. Láti ọjọ́ náà, ìjọba mọ̀ pé dandan ni kí òun san owó fún ìdílé. Kò sì sí òfin tí ó sọ bí ìdílé yóò ṣe fi owó náà wà ní ìdílé.

A wá dé ọdún 1955, níbi tí ó yẹ kí a dúró pẹ́. Òmìnira ń bọ̀, Èkó sì ni olú-ìlú. Àwọn tí ó wà ní ipò kò fẹ́ kí àlejò láti òkè òkun wo inú gọ́tà àárín ìlú. L.E.D.B. ṣe ètò láti wó éékà 70 ní agbègbè Broad Street àti Victoria Street, èyí tí a ń pè ní Nnamdi Azikiwe Street lónìí, kí a sì tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ń gbé lórí éékà wọ̀nyí. A óò san owó gbà-má-bínú fún onílé. A óò kọ́ ilé sí Sùúrùlérè, lórí ilẹ̀, tí ó jìnnà ní nǹkan bí máìlì mẹ́rin sí márùn-ún, fún àwọn tí a bá kó jáde, kí wọn máa san owó ilé tí ìjọba ti dín kù. Nígbà tí títì bá sì parí, onílé àtijọ́ ni a óò kọ́kọ́ fún láàyè láti ra pílọ́ọ̀tì padà, ní iye tí a san fún un pẹ̀lú àfikún ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lórí ìwé, ètò yìí dára. Àwa kò sì ní bú àwọn tí ó ṣe é. Ó dá wa lójú pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá ìlera àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní L.E.D.B. san £600 fún ilẹ̀ ilé kan, tí bàbá tí ó ni ín sì fi ọmọ àti ọmọ ọmọ méjìlá sílẹ̀. Olúkúlùkù gba £50. Ẹnì kan fi ti rẹ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ; òmíràn fi ra ọjà; òmíràn jẹ gbèsè, ó sì fi san án. Nígbà tí ọdún díẹ̀ kọjá tí a sì pè wọ́n láti wá ra pílọ́ọ̀tì padà, £720 ni a bèèrè, láì tíì mọ búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn ní ọ̀nà tí òfin ìkọ́lé tuntun ń fẹ́. Ta ni nínú àwọn méjìlá ni ó lè dá a rà? Bí ẹnì kan bá sì lè dá a rà, ti rẹ̀ nìkan ni, kì í ṣe ilé bàbá wọn mọ́. Ilé tí ó gba ènìyàn méjìlá láti ọdún pípẹ́ ti di owó, owó sì ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ nínú ìṣirò náà. Ohun tí ó parẹ́ ni ilé ẹbí, nítorí pé òfin ìràpadà kò ní àyè tí a lè kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Àwọn onílé ké gbàjarè, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ kí a má ṣe wó ilé àwọn baba ńlá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníwàásù ìgbà náà rántí Nábótì ará Jésréélì, ẹni tí Áhábù fi ọgbà tí ó sàn jù lọ̀, tàbí owó rẹ̀, tí ó sì kọ̀ nítorí pé ogún àwọn baba rẹ̀ ni. Ìfiwéra náà kò tọ́ ní gbogbo ọ̀nà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ Nábótì Èkó ní òkúta. Ṣùgbọ́n ìdí tí Nábótì fi kọ̀ yé wọn ju bí ó ti yé àwọn oníṣirò lọ.

Nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí a kó lọ sí Sùúrùlérè, a dúpẹ́ pé ẹnì kan wádìí rẹ̀ nígbà tí ó ṣì gbóná. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì, lọ láti ilé dé ilé ní àárín Èkó àti ní Sùúrùlérè ní òpin àwọn ọdún 1950, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1961. Ó rí i pé àwọn tí ń gba owó oṣù, pàápàá àwọn akọ̀wé àti ìyàwó wọn tí ó kéré lọ́jọ́ orí, fẹ́ràn ibẹ̀: ilé mọ́, omi ẹ̀rọ wà, ìjà àgbàlá kò sí. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ń ta ọjà ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní àárín ìlú kò rí oníbàárà mọ́. Aránṣọ àti alágbẹ̀dẹ pàdánù àwọn tí ó mọ̀ wọ́n. Owó ọkọ̀ láti lọ sí ibi iṣẹ́ àti padà ń jẹ èrè ọjọ́ run. Arúgbó tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń gbé yí i ká tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí a ń bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ní oṣù. Ẹni tí kò san owó ilé rí láti ìgbà tí a ti bí i, nítorí pé ilé bàbá rẹ̀ ni ó ń gbé, wá ní láti wá owó ilé ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, bí ọjà tà bí kò tà. Nígbà tí kò bá rí i, a óò lé e. Bẹ́ẹ̀ ni onílé ṣe di ayálégbé.

Ètò náà kò tilẹ̀ parí. Apá kan nínú éékà 70 ni a rí wó tí a sì tún kọ́. Àwọn ibòmíràn sì dúró ní òfìfo fún ọdún púpọ̀. Lórí ibi tí a tún kọ́, ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ó hù. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i; ẹwà náà bù sí àárín Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ilé wọn jó kọ́ ni ó wọ inú ẹwà náà.

A óò ṣe ìrẹ́jẹ sí Sùúrùlérè bí a bá dúró níhìn-ín. L.E.D.B. kọ́ ilé mìíràn síbẹ̀ tí ó tà, tí kì í ṣe pé ó fi háyà nìkan, àwọn tí ó sì rà wọ́n di onílé tí ó ń tún ilé wọn ṣe, tí ó ń gbin òdòdó sí iwájú rẹ̀. Ní ọdún 1956 ni a dá Nigerian Building Society sílẹ̀, láti máa yá ènìyàn ní owó tí yóò fi kọ́lé tàbí ra ilé, kí ó sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Òun ni ó di Federal Mortgage Bank ní ọdún 1977. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n irú ìyá-owó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìwé ilẹ̀ tí kò ní àríyànjiyàn, àti owó oṣù tí ó dájú. Ìyá aláṣọ ní Balógun lè ní owó lọ́wọ́ ju akọ̀wé méjì lọ, kí ó sì jẹ́ pé èsúsú àti àjọ ni gbogbo ìwé tí ó ní. Ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn obìnrin ìjọ wa ní lónìí, láti inú èsúsú ni ó ti wá, kì í ṣe láti ilé ìfowópamọ́, a kò sì mọ ìdí tí àwọn òpìtàn fi ń gbàgbé èyí.

Àwọn ohun tí ó tẹ̀lé e, a óò gba orí wọn kọjá kíákíá, nítorí pé ó ṣì wà ní ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1972 a pa L.E.D.B. pọ̀ mọ́ àwọn ìgbìmọ̀ Ìkẹjà àti Ẹ̀pẹ́, ó sì di ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1978 ni òfin ilẹ̀ tuntun fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, láti ìgbà náà sì ni ìwé C of O àti ìwé ìyọ̀nda Gómìnà ti wọ ẹnu gbogbo ènìyàn. Láàrin ọdún 1979 sí 1983, Gómìnà Lateef Jákàńdè kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé olówó pọ́ọ́kú, orúkọ rẹ̀ sì ń bẹ lára wọn títí di òní. Kì í ṣe ilé ẹlẹ́wà, ṣùgbọ́n tíṣà àti nọ́ọ̀sì rí i rà. Ní oṣù keje ọdún 1990, a fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje, a sì wó ilé nǹkan bí 300,000 ènìyàn. Owó gbà-má-bínú pàápàá, tí ìdílé Olúwa gbà ní ọdún 1921, kò kàn wọ́n. Ní òpin ọdún 2016, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ẹni tí ó san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye owó ilé lè wọ inú rẹ̀, kí ó sì san ìyókù fún ọdún mẹ́wàá. Ìlànà náà dára ju ti ọdún 1955 lọ ní ohun kan: ayálégbé ni ó ń sọ di onílé. Ṣùgbọ́n àwọn ilé náà kò tó nǹkan níwájú iye ènìyàn tí ó ń wá wọn.

Nísinsìnyí àtúnṣe ti dé Èbúté Mẹ́ta àti Yábàá ní ọ̀nà mìíràn. Kì í ṣe ìjọba ni ó ń mú un bọ̀, bí kò ṣe àwọn oníṣòwò ilé, tí ó ń wá ilé ẹbí àtijọ́ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí wọ́n ń rà á, tí wọ́n sì ń fi ilé alájà mẹ́rin tàbí márùn-ún rọ́pò rẹ̀. Kò sí ipá nínú rẹ̀. Owó tí wọ́n sì ń fi lọni pọ̀. Síbẹ̀ ìṣirò ọdún 1955 náà ni. Bí a bá pín owó ilé kan sí ọ̀nà méjìdínlógún, kò sí ẹni tí ìpín rẹ̀ yóò ra yàrá kan ní àdúgbò tí ó ti jáde. Ìkòròdú tàbí Mowé ni yóò lọ, ọmọ rẹ̀ yóò sì máa jí ní agogo mẹ́rin òru láti wá sí iṣẹ́ ní ìlú tí bàbá ńlá rẹ̀ ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Gólóbà. Àwọn ìjọ wa ń rí àmì rẹ̀: ìwé ìrìbọmi kún fún orúkọ àwọn ìdílé tí kò ní ilé ní àdúgbò mọ́.

Àwọn ìdílé kan ti gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò tà. Wọ́n fún kọ́lékọ́lé ní àyè láti wó ti àtijọ́, kí ó kọ́ ilé alájà púpọ̀, kí ó gba àwọn àjà kan fún iye ọdún tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí ìdílé sì gba àwọn tí ó kù, kí gbogbo rẹ̀ padà sí ọwọ́ wọn níkẹyìn. A ti rí èyí tí ó yọrí sí rere, a sì ti rí èyí tí ó di ẹjọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé tí a kọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí ó ti yọrí sí rere, agbẹjọ́rò tí ìdílé fúnra rẹ̀ yàn ni ó kọ ọ́, kì í ṣe ti kọ́lékọ́lé. A sọ iye ọdún àti ọjọ́ tí kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A dárúkọ ojúlé kọ̀ọ̀kan àti yàrá tí ó kàn án. A sì ya owó ilé kan sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, kí páànù má bàa tún jò láìsí ẹni tí yóò kàn án.

Nípa títà pàápàá, òfin kò ṣe é bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ ọ́ di mímọ̀ láti ọdún 1959 pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilé ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí lọ́wọ́ sí i, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ojúlé fọwọ́ sí i, àwọn tí a kò bèèrè lọ́wọ́ wọn lè lọ fagi lé e, bí wọn kò bá pẹ́ jù. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń wá ilé rà, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí ẹ tó san owó, ẹ bèèrè pé ojúlé mélòó ni ó wà nínú ilé náà, kí ẹ rí àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin pẹ̀lú, àti àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Lára ògiri àwọn ilé kan ní Èkó ni a ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ohun tí ó sábà máa ń mú kí a kọ irú rẹ̀ ni pé ọmọ ilé kan ti gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn yòókù.